Yèyé Tó Ń Tún Ohùn Géèmù Ṣe

Kí Yèyé tó fojú kan inú ẹ̀rọ kankan, imú ló máa ń kọ́kọ́ fi kàn án. Á tú ẹ̀yìn rẹ̀, á gbé pánẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sókè, á sì fa èémí bí ẹni tó ń yẹ ọbẹ̀ àná wò bóyá ó ti kan. "Ẹja," á wí bẹ́ẹ̀. Tàbí kó ní, "Kò sí ẹja níbí o, ẹ jẹ́ ká wá ibòmíì wò." Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Àwọn ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, àwọn tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lórí, ní nǹkan kékeré kan nínú tó ń jẹ́ kàpásítọ̀. Ó rí bí agolo tí kò tó ìka ọmọdé, omi díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti dàgbà, omi yẹn á máa jò, ohùn géèmù á sì máa lọ sílẹ̀ títí yóò fi dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ bá wá kan ibi tí omi náà jò sí, òórùn ẹja ló máa ń mú jáde. Yèyé máa ń gbé iṣẹ́ wálé, àwọn ará àdúgbò wa ní Karaworo, ní Lokoja, sì rò pé ojoojúmọ́ là ń se ẹja. Ìyá Igala kan tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà tiẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Which kind fish una dey cook wey no dey done?" Nígbà tí mo sọ fún Yèyé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún un pé ẹja náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún."

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Apá Ìjùmú ni wọ́n ti bí i, Lokoja ló sì ti dàgbà di arúgbó. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ rédíò. Òun ló ń tọ́jú yàrá iṣẹ́ wọn, ó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, ó ń to irinṣẹ́ wọn, ó sì ń fi etí jí ẹ̀kọ́. Nígbà tó máa fi fẹ̀yìn tì, ó ti mọ̀ ju àwọn tí wọ́n kọ́ lọ. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Kabawa, ó ń tún rédíò ṣe. Nígbà tí fóònù wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rédíò, ó yíjú sí géèmù, nítorí àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù pọ̀ ní Kabawa nígbà yẹn, ohùn ẹ̀rọ wọn kì í sì í yé bàjẹ́. Mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mò ń lọ sí yunifásítì ní Felele. Ó ti lọ báyìí, kò tíì pé ọdún. N kò fẹ́ to ìtàn ayé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo ṣì ń wádìí.

Bí àpẹẹrẹ, kí ló dé tó fi jẹ́ ohùn nìkan ló ń tún ṣe? Tí o bá gbé ẹ̀rọ tí kò fi àwòrán hàn wá, kò ní tiẹ̀ tú u. Á ní, "Èyí kì í ṣe tèmi, gbé e lọ fún Sálíù." Sálíù ló ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ọmọ Oworo, mùsùlùmí, ó sì kéré sí Yèyé ní ohun tó ju ọdún méjìlá lọ. Àwòrán ni tirẹ̀, ohùn ni ti Yèyé. Wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo bá wá lo ìsinmi, Bàbá Sálíù, bí mo ṣe ń pè é, máa ń fún mi ní èso dàbínù, á sì ní kí n má jẹ́ kí Màmá rí i, Yèyé ló ń pè bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìṣojú Màmá ló ti ń yọ ọ́ lápò.

Yèyé a máa kẹ̀yìn sí tẹlifíṣàn tó bá ń dán géèmù wò. Á di ojú rẹ̀, á tẹ́tí. Ó mọ géèmù tó lé ní ogún nípa ohùn nìkan, kò sì mọ bí ọ̀kankan nínú wọn ṣe rí. Mo bi í nípa ọ̀kan tí àwọn èèyàn fẹ́ràn gan-an pé, kí ló rò pé ó wà nínú rẹ̀? Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ó ní ṣé n kò gbọ́ bó ṣe ń fò ni, ó sì máa ń já sínú omi. Mo fà á lọ́wọ́, mo yí i sí tẹlifíṣàn. Ọmọbìnrin kan tó ru agbọ̀n ló ń fò lórí òkúta níbẹ̀. Yèyé wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì yí padà. "Ọ̀pọ̀lọ́ tèmi dára jù ú lọ," ni ohun tó sọ.

Álítò ló ń kọ nínú kọ́áyà, sọ́fà dò-re-mí sì ni wọ́n fi kọ́ ọ lórin láti kékeré. Bóyá ibẹ̀ ni etí yẹn ti wá. Ó ní àléébù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Tí ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sókè bá dọ̀tí, ó máa ń họ bí adìẹ. Sípírítì díẹ̀ lórí òwú ni oògùn rẹ̀. Tí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó wáyà pọ̀ bá ti sán, ohùn á máa lọ á máa bọ̀. Àmọ́ tí iná bá yọ́ wọ inú ohùn, ńṣe ló máa ń kùn, orí nóòtì kan náà ló sì máa ń dúró sí láìyẹsẹ̀. Yèyé á bá a kùn kó lè dá a mọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan. Sìpíkà ń kùn lórí ìwàásù, òun náà ń kùn tẹ̀ lé e nínú ìjókòó álítò, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é. Pásítọ̀ dúró, ó bi í bóyá ó ní ẹ̀rí láti jẹ́. Yèyé dìde, ó ní, "Ẹ má bínú sà, sìpíkà yín ni mò ń dá lóhùn."

Ó níwà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ó kórìíra kí wọ́n máa gbá ẹ̀rọ kó lè sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan gbá tirẹ̀ níṣojú rẹ̀, Yèyé sì bi í pé, "Ṣé etí ni wọ́n gbá ìwọ náà kó o tó mọ ọ̀rọ̀ sọ?" Òun àti télọ̀ tó wà níwájú wọn lè jà láàárọ̀ lórí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń kọ èéfín sí, kí wọ́n sì jọ jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án. Ìjà rẹ̀ kì í pẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló pẹ́.

Mo ti lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn, n kò sí níbẹ̀, ẹnu àwọn ará Kabawa ni mo ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Kò ní àwòrán, ohùn rẹ̀ sì ń kùn. Ẹ̀rọ nìkan ló gbé wá. Ó fi àdápítọ̀, ohun tí wọ́n fi ń fa iná sí i, sílé, nítorí àdápítọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń gbọ́ rédíò nínú ilé rẹ̀; ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Sálíù tún àwòrán ṣe. Yèyé pààrọ̀ àwọn kàpásítọ̀, ó fi àdápítọ̀ tirẹ̀ dán an wò, kò kùn mọ́. Sálíù sì bá wọn gbé e lọ fún ẹni tó ni ín, nítorí ọ̀nà ilé rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé e padà. Ó ní ó ń kùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yèyé kò tiẹ̀ kọ́kọ́ fi iná sí i kó gbọ́. Ìgbéraga ni, mo lè sọ ọ́ báyìí. Ó ní, "Ó jáde lọ́wọ́ mi láìkùn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló tún kàn án." Ó tú u, ó yọ àwọn kàpásítọ̀ tuntun náà dànù pé wọ́n kì í ṣe tòun, pé Sálíù ti yọ àwọn tó dára, ó sì ti fi àlòkù rọ́pò wọn. Ó fi òmíràn sí i, ó tún fi àdápítọ̀ tirẹ̀ dán an wò. Kò kùn. "Ẹ rí i?" ló wí fún gbogbo àwọn tó dúró. Kí ni wọ́n tún fẹ́ rí? Sálíù ní, "Wallahi, Màmá, n kò fọwọ́ kàn án." Yèyé pè é ní olè níṣojú gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó ń gbé nǹkan fún Sálíù mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó padà sí abúlé wọn, ó ń gbin iṣu. Onígéèmù yẹn gbé ẹ̀rọ rẹ̀ délé, ó tún ń kùn, àmọ́ kò fẹ́ dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Ó kàn gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, nígbà tí mo wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn ní yunifásítì, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Àbújá tó ń ra géèmù àtijọ́ jọ fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí Yèyé. Ó ní ọwọ́ ẹnì kan ní Kabawa lòun ti rà á. Mo lọ gbà á ní gáréèjì. Wọ́n fi okùn so àdápítọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Yèyé tú u, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ìka kan ibi tí wọ́n ti jó lẹ́ẹ̀dì.

"Ọwọ́ mi nìyí," ó wí.

"Ẹ ti tún un ṣe rí?"

Ó ki àdápítọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn bọ iná. Ẹ̀rọ náà kùn. Ó yọ ọ́, ó fi tirẹ̀ sí i: orin géèmù nìkan la gbọ́, kedere. Ó dá ti àkọ́kọ́ padà: ó kùn. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́fà. Mo bi í bóyá àdápítọ̀ ló bàjẹ́.

"Kò bàjẹ́. Ti rédíò ni. Rédíò ní ohun tó fi ń sẹ́ ìdọ̀tí inú iná, géèmù yìí kò ní in." Ó jókòó. "Sálíù kò fọwọ́ kan nǹkan kan. N kò ní kí wọ́n mú àdápítọ̀ wá. N kò bi wọ́n."

Mo ní kí a wá nọ́ńbà rẹ̀, kí ó pè é, kí ó bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí. "Ṣé orí fóònù ni mo ti pè é ní olè?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé tábìlì, tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ náà àti àdápítọ̀ méjèèjì lọ sí àárín ìlà ṣọ́ọ̀bù ní Kabawa. Ó ní kí télọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ó ń pe àwọn èèyàn bí ẹni tó ń polówó oògùn: ẹ wá gbọ́, ẹ fi etí ara yín gbọ́. Á fi ti rédíò sí i, á ní, "Ohun tó kùn nìyí." Á fi tirẹ̀ sí i. "Èyí ni mo fi dán an wò, kò kùn. Sálíù kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo ṣì í." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ti dé. Télọ̀ fà á sí ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Mama, this matter don tey. Leave am." Yèyé dá a lóhùn pé, "E never tey for Sálíù body."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Àǹtí Ruth, gbọ́ ọ nílé ọkọ rẹ̀, ó sì pè. "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe lójú títì? Ẹ̀ ń ba orúkọ ara yín jẹ́." Yèyé ní, "Orúkọ mi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é. Ojú ń tì mí, mo jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì mo fi ìwé bojú, mo ṣe bí ẹni tó ń kàwé.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kadà kan já ọkùnrin kan sílẹ̀ lẹ́yìn èrò. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, iyẹ̀pẹ̀ oko ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Mo dá a mọ̀. Yèyé kò rí i, nítorí ó ti di ojú rẹ̀, ó ń tẹ́tí. Ọkùnrin náà dúró, ó gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó gbọ́ èkejì. Ó wá ní, "Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Màmá."

Yèyé kò la ojú rẹ̀. Etí rẹ̀ ti sọ fún un. Ó pààrọ̀ rẹ̀.

"Àdápítọ̀ ni," Bàbá Sálíù wí.

"Àdápítọ̀ ni, Sálíù."

Ìgbà náà ni Yèyé kúnlẹ̀. Ìyá àgbàlagbà, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ Kabawa fún ọkùnrin tó lè pè ní àbúrò. Ariwo ta. Bàbá Sálíù fò sẹ́yìn, ó ń kígbe pé, "Haba Màmá, ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ má ṣe ayé mi báyìí!" Yèyé kò dìde. Ni òun náà bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí orí rẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, ẹnì kan ní "Ìwọ dìde," ẹnì kejì ní "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dìde." Èmi àti télọ̀ la fa àwọn méjèèjì sókè pa pọ̀. Bàbá Sálíù gbọn ilẹ̀ kúrò lára, ó mu omi, ó ní, "Mo ti gbọ́, Màmá." Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Kò sọ pé òun dárí jì í. Kò sì padà ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyẹn dùn mí fún Yèyé, mo sì bi í bóyá kò dun òun náà. Ó ní, "Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ, mo sì ti sọ ọ́. Tirẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀." Àwọn oníbàárà kan sá lẹ́yìn náà, wọ́n ní tó bá lè ṣì í nígbà yẹn, ta ló mọ òmíràn tó ti ṣì? Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé kí gbogbo èèyàn máa mú àdápítọ̀ wọn wá. Nígbà tí mo bá ń bínú sí àwọn tó lọ, á ní, "Jẹ́ kí wọ́n lọ. Èmi náà ti lé oníbàárà ẹlòmíì lọ rí."

Nígbà tó kú, Àǹtí Ruth ní èmi ni mo mọ̀wé jù, kí n kọ ìwé ìsìnkú. Mo kọ ọ́. Lápá ìparí, ó ní kí n fi í síbẹ̀ pé Màmá kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí, pé kò sì bá ẹnikẹ́ni jà títí ó fi sùn. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́, torí bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí a ń pín oúnjẹ, mo rí Bàbá Sálíù lábẹ́ kánópì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó di ìwé náà mú. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fi ìka lé ìlà yẹn.

"Ìwọ lo kọ eléyìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ náà sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"Màmá ṣẹ̀ mí." Kò pariwo. "Wọ́n ṣẹ̀ mí gan-an. Ọmọ mi méjì kúrò nílé ìwé nítorí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n sì fi padà wá síwájú gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ. Mélòó nínú àwọn tó ń sunkún níbí ló lè ṣe é? Mo dárí jì wọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹnu mi ló wúwo. Ẹ̀yin wá kọ ọ́ pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn."

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, ẹkún tí n kò sun látàárọ̀. Mo bi í pé kí ni kí n wá kọ.

"Kọ pé wọ́n ṣì í. Kọ pé wọ́n padà wá. Kó o sì kọ orúkọ mi sí i, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbọ́ ti olè, tí wọn kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí Màmá wá tún un ṣe."

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Sálíù lorúkọ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan.